Onídùúró Ọdún Mẹ́ta

Ẹni tó bá fẹ́ lọ lo ọdún mẹ́ta lókè òkun kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé orí ara rẹ̀. Kó mú ìwé, kó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ kọ tirẹ̀ sára bébà ńlá tó fi ń gé àwòṣe aṣọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lókè ẹ̀rọ ìránṣọ, gbogbo oníbàárà tó bá sì wọlé ló ń kà á bí ẹni ka ìkìlọ̀ ìjọba. Ìwé ìrìnnà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti ẹ̀dọ̀fóró. Ìwé ọlọ́pàá pé kò jalè rí. Fọ́tò mẹ́jọ, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín nínú ọ̀kankan. Ta ẹ̀rọ ńlá, má ta kékeré. Ṣẹ́ owó díẹ̀díẹ̀, má ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ òtútù. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn báàgì. Èyí tó bá ti ṣe, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà funfun sí i lára.

Ohun kan wà tí kò kọ síbẹ̀, òun gan-an ló sì ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Ó fẹ́ kí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n náà.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún yín. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin aránṣọ yìí nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ọjọ́ pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyẹn. Iṣẹ́ kó máa kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà ló ń ṣe, nínú ọkọ̀ kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ò ṣeé ṣí, èkejì ò sì ṣeé tì. "Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́," ló máa ń wí fún akẹ́kọ̀ọ́ títí wọ́n á fi yà sí etí gọ́tà. Bí ẹ bá bi mí, màá sọ fún yín pé jẹ́jẹ́ náà ló fi ń jẹ ohun ẹlòmíràn.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, Abẹ́rẹ́ ti fẹ́ rin ìrìn àjò yìí rí. Ó rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́rin gbáko, ó jẹun ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ó wọ bàtà kan ṣoṣo títí bàtà fi bẹ̀ ẹ́. Owó náà pé. Ó kó o ní ìdì mọ́kànlá, ó fi òwú aláwọ̀ àlùkò so ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti máa ń ṣe, kó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì ta á ní kókó tí aránṣọ fi ń parí ìlà. Nítorí pé iṣẹ́ oníbàárà ṣì kún ilẹ̀, ó gbé owó náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó lọ san án fún ọkùnrin tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìnnà. Ní ọjọ́ kejì Jẹ́jẹ́ padà dé, ẹ̀wù rẹ̀ ya láti ọrùn dé ìdodo, ẹkún ló ń sun. Ó ní ọkùnrin náà ti gba owó tán, ó wá sẹ́ pé kò sẹ́ni tó fún òun lówó, ó tún ní kí àwọn géńdé lu Jẹ́jẹ́.

Abẹ́rẹ́ ò jókòó gbọ́ ọ tán. Ó lọ sílé ọkùnrin náà, ó bá a láàárín àwọn àna rẹ̀, ó sì bú u débi tí àwọn ará ilé kejì fi gun orí àga kí wọ́n lè rí i. Ó pè é lólè. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́mọ olè. Ohun tí ọkùnrin yẹn kàn ń wí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n yín ò gbé owó kankan wá bá mi." Abẹ́rẹ́ tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ní oṣù yẹn gan-an ni Jẹ́jẹ́ kan páànù sórí ilé rẹ̀ tí ọ̀rá lásán ti bo orí rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ilé tí ìyá wọn ń bá a gbé. Ó ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló yá òun lówó. Abẹ́rẹ́, tí ojú rẹ̀ ṣì wú fún ẹkún, bá wọn gbálẹ̀ lọ́jọ́ tí káfíńtà parí iṣẹ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ Jẹ́jẹ́ ò tiẹ̀ lò ju ọdún méjì lọ. Ìyàwó ọkùnrin kan tó ń ta páànù wá rán kọ́tìnnì lọ́dọ̀ Abẹ́rẹ́, ọkọ rẹ̀ sì sìn ín wá. Bí ọkùnrin náà ti rí i tí Abẹ́rẹ́ ń so owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Áńtí, irú òwú yìí náà nìyẹn! Òun ni ẹ̀gbọ́n yín fi so owó páànù tó san fún mi. Ìdì mọ́kànlá. Kókó yẹn le débi pé ọ̀bẹ ni mo fi gé e!"

Abẹ́rẹ́ bá a rẹ́rìn-ín. Ó rán kọ́tìnnì náà, ó sì rán an dáadáa. Lọ́jọ́ kejì ó lọ sílé ọkùnrin tó bú, ó fẹ́ lọ kúnlẹ̀ fún un, ilẹ̀kùn títì ló bá. Àwọn ará àdúgbò ní ó ti kó lọ láti ọjọ́ yìí, pé àwọn ọmọdé ò yéé pe àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́mọ olè nílé ẹ̀kọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó kó lọ. Ọ̀rọ̀ yìí dun Abẹ́rẹ́ ju owó lọ. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, pàápàá ẹni tí wọ́n tún mú kó fi í kun ilé ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe dáadáa. Ó ń kí i, ó ń rán ṣòkòtò fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń dúró de ọjọ́ tirẹ̀.

Ọjọ́ náà ya ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Iléeṣẹ́ kan tó ń rán aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ lókè òkun ń wá aránṣọ. Wọ́n á san owó físà, wọ́n á san owó ọkọ̀ òfurufú, wọ́n á wá ilé fún èèyàn, kìkì pé ẹni tó bá ní ilé tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe onídùúró. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ ka ibẹ̀ yẹn, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá lọ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, ó mu ún tán lórí ìdúró.

Yàrá kékeré kan ni ọ́fíìsì tí òun àti Jẹ́jẹ́ lọ fọwọ́ sí ìwé, ó ní àga mẹ́rin, kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá sì wà lára ògiri. Obìnrin tó jẹ́ akọ̀wé ibẹ̀ gbé awò ojú rẹ̀ sí iwájú orí, ó wá a títí kó tó rántí ibi tó wà.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n ka ibi tó ṣe pàtàkì fún yín o," ló wí fún Jẹ́jẹ́. "Aránṣọ wa gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta pé. Bó bá sá lọ, ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo owó tí a ná lé e lórí, ní ìlọ́po mẹ́ta. Bí ẹ ò bá rí i san láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, a máa ta ilé yín. Ẹ lè yọwọ́ nígbàkigbà kó tó wọ bàálù. Bó bá ti wọ̀ ọ́, ó parí nìyẹn."

"Ta ló máa sá?" Jẹ́jẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi yìí? Ẹni tí kì í sá fún òjò!"

Ó wá rọra tẹ̀ sí Abẹ́rẹ́ létí. "Káàdì báǹkì yẹn ńkọ́?"

"Ọjọ́ tí mo bá ń lọ ni, Bùọ̀dá. Ọwọ́ yín ni màá fi sí. Owó oṣù á máa wọ ibẹ̀, ẹ̀yin á máa bá mi ṣètò ẹ̀."

"Ọlọ́run á bù kún ọ. Ọkọ̀ mẹ́ta la máa fi bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ wíwà wa. Mo ti bá ọmọ tó ń kọ pátákó sọ̀rọ̀."

Ó fọwọ́ sí i níbi mẹ́rin, ó sì fi ìrù sí ìfọwọ́sí náà bí ẹni ń ya àwòrán. Ẹni tó ń kọ́ aráyé ní ìtumọ̀ àmì ojú títì látọdún yìí wá, kò ka ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé tó fi ilé rẹ̀ sí. Abẹ́rẹ́ ń wo ọwọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn débi pé ó ń bà á lẹ́rù.

Ohun tó fẹ́ ṣe kò le. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ ti wà lókè òkun níbẹ̀ lọ́hùn-ún, nínú ìlú míì, ó sì ní àyè iṣẹ́ fún un. Bí Abẹ́rẹ́ bá ti gba owó oṣù kìíní, á gbé báàgì rẹ̀, á kọjá lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kó tó di oṣù kẹta, wọ́n á ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn Jẹ́jẹ́. Káàdì tó máa fún un wá ńkọ́? Ti àkáǹtì àtijọ́ ni, èyí tí owó inú rẹ̀ ò tó ra búrẹ́dì. Àkáǹtì tuntun wà ní báǹkì míì, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

Nínú gbogbo èyí kò gbàgbé pé ìrìn àjò gidi ni òun ń lọ. Ó ta ẹ̀rọ ńlá fún ẹni tó sanwó lọ́wọ́, kò ta á fún ẹni tó ń ṣe ìlérí. Ó ń ṣẹ́ owó lọ́dọ̀ onípàṣípààrọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹnìkan má baà mọ iye tó ní, ó sì pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Apá kan wọ àkáǹtì tuntun. Apá kan ti wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Apá kan, ó fi ọ̀rá wé e pẹlẹbẹ kó má baà máa dún, ó rán an mọ́ etí ìsàlẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì tó máa wọ̀ lọ, tí ẹ bá fọwọ́ kàn án ẹ ó rò pé ìṣẹ́po aṣọ lásán ni.

Apá kẹrin, ti ìyá rẹ̀ ni. Ìyá ò gbọdọ̀ bá ilé náà lọ. Abẹ́rẹ́ wá yàrá kan kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yàrá tí kò ní àtẹ̀gùn nítorí orúnkún ìyá, tí omi ẹ̀rọ ò sì jìnnà sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Lọ́wọ́ bàbá kan tó ti ń pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìntì ló ti gbà á. Ó san owó ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, ó kan kọ́tìnnì.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kó lọ, ó mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ bá ìyá rẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn nílé Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ti lọ síbi iṣẹ́. Ìyá jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ tí wọ́n fọ̀ lánàá.

"Màámi, mo gba yàrá kan fún yín. Ariwo ti pọ̀ jù níbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bùọ̀dá ò yé fun fèrè. Kí n tó lọ, mo fẹ́ kó yín lọ síbẹ̀."

Ìyá ò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà. "Ọdún mélòó lo san?"

"Mẹ́ta."

"Ta ló ṣe onídùúró fún ọ?"

"Bùọ̀dá ni."

"Kí ló fi dúró?"

Abẹ́rẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ká ìró kan tán, ó gbé e lé èkejì lórí.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbálẹ̀ kóòtù," ni ìyá wí. "Àwọn lọ́yà á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa gbálẹ̀ lábẹ́ àga wọn. Mo mọ bí ojú onídùúró ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí ẹni tó dúró fún bá sá lọ. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilé, tí ìyá rẹ̀ ń gbé inú ẹ̀, tó wá lọ san owó yàrá ọdún mẹ́ta fún ìyá náà, onítọ̀hún mọ̀ pé ilé yẹn ò ní pẹ́ níbẹ̀."

Abẹ́rẹ́ tó ti ṣírò owó, tó ti ṣírò oṣù, tó wọn báàgì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, kò rántí pé ẹni tó ń gbálẹ̀ ní etí. Ibi tó ti ṣàánú ni àṣírí rẹ̀ ti tú. Ó jókòó sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rin sì tú jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Owó mi ló fi kan páànù yìí, Màámi! Owó mi! Ó mú mi lọ bú aláìṣẹ̀, ó sọ mí di ẹni tó ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ó fa ẹ̀wù rẹ̀ ya, ó wá ń sunkún níwájú mi!"

"Òun kọ́ ló fà á ya," ni ìyá wí. "Èmi ni."

Níta, ẹnìkan ń fun fèrè ọkọ̀, ó fun ún lẹ́ẹ̀kan, ó tún un fun.

"Ó ń lọ san owó yẹn lóòótọ́," ni ìyá wí. "Òun fúnra rẹ̀ ò ní ìgboyà tí yóò fi jalè. Èmi ni mo pè é padà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ onípáànù, èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Òjò ń pa mí lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà náà."

"Tí ẹ bá ní kí n kan páànù fún yín, ṣé mi ò ní kàn án ni?"

"Wàá kàn án. Lẹ́yìn náà wàá tún kó owó míì jọ, wàá sì lọ. Mo mọ̀ ọ́. O ò ní padà. Mo wo ẹ̀yin méjèèjì, ọmọ mi. Mo mú ẹni tó máa wà níbí láti sin mí."

Bó ti sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni ń sọ pé aṣọ yìí ti gbẹ. Ìbínú sí Jẹ́jẹ́ ti di ohun tí Abẹ́rẹ́ mọ́ lára, ó ti ń gbé e sùn, ó ń gbé e jí. Èyí tó wọlé báyìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ó dùn ún débi pé kò rí omi ojú sun. Ilé ni aṣeni ń gbé, wọ́n máa ń sọ ọ́, òun náà ti sọ ọ́ fún èèyàn rí. Kò mọ̀ pé yàrá ẹ̀yìn ló wà.

"Ọkùnrin yẹn ńkọ́?" ló bèèrè. "Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ń fi wọ́n sádùúrà."

Abẹ́rẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ náà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì dìde.

"Bí o bá lọ báyìí, màá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ," ni ìyá wí. "Ó ṣì lè yọwọ́."

"Ẹ sọ fún un. Kó yọwọ́. Kí n jókòó síbí kí n máa rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ títí n ó fi darúgbó, ẹ ó ti wá jẹ mí lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ọdún mẹ́fà lẹ fi bá a pa àṣírí mọ́ fún mi. Tèmi rèé. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ẹ lè bá mi pa á mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta."

Láti ibẹ̀ ó gba ọ̀dọ̀ bàbá onílé lọ, ó dá kọ́kọ́rọ́ yàrá náà padà. Bàbá yọ owó ọ̀dà àti owó ìyọnu, ó da ìyókù padà fún un, ó ń bi í bóyá ara ìyá ò yá ni. Abẹ́rẹ́ ní ara wọn le, pé wọ́n ti ní ibi tí wọ́n fẹ́ràn. Ó ṣẹ́ owó náà lọ́jọ́ yẹn, ó tú etí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó rán an mọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Fún ọjọ́ mẹ́ta yẹn kò sun oorun gidi. Bí fóònù bá dún, á rò pé akọ̀wé ló fẹ́ sọ fún un pé onídùúró ti yọwọ́. Ó di báàgì, ó tú u, ó tún un dì. Fóònù akọ̀wé ò wọlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, Jẹ́jẹ́ fi ọkọ̀ ìkọ́ni rẹ̀ gbé wọn dé pápákọ̀ òfurufú. Ó gbé báàgì méjèèjì fúnra rẹ̀, ó ń pariwo mọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n yà fún àbúrò òun. Abẹ́rẹ́ fún un ní àpò ìwé tí káàdì wà nínú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ dì mọ́ ọn, ó sì sunkún díẹ̀. Ẹkún òtítọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn sì tún bí Abẹ́rẹ́ nínú sí i.

Wọ́n dé ibi tí ẹni tí kò rìnrìn àjò ò lè kọjá. Láti ilé ni ìyá ò ti sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ti wọ inú. Ó ń wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń fi káàdì náà lu àtẹ́lẹwọ́, ó wo Abẹ́rẹ́, ó la ẹnu. Gbólóhùn kan ṣoṣo, Jẹ́jẹ́ á gbé fóònù, ọdún mẹ́fà á sì tún di asán.

"Ṣé wàá lo ọdún mẹ́ta náà pé?" ni ìyá bèèrè.

"Màámi, ẹ ń bi í!" Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ó ti fọwọ́ sí i, èmi náà ti fọwọ́ sí i!"

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé. Bó ti ń dìde ló fi ẹnu sí i létí.

"Mi ò tíì mọ̀, Màámi. Ẹ máa retí."

Òótọ́ ló sì sọ. Láti àná ni kò ti mọ̀ mọ́, bóyá òun á sá lóṣù kìíní, bóyá òun á lo ọdún mẹ́ta náà pé, ó sì rí i pé àìmọ̀ yìí ló dára jù nínú gbogbo ohun tó dì sínú ẹrù. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn ilé yẹn, ìyá á rò pé àwọn tó ń lẹ ìwé ti dé. Kò ní lè sọ ọ́ fún ọmọ tó máa sin ín, nítorí pé yóò ní láti sọ ìdí tí kò fi sọ ọ́ nígbà tí Jẹ́jẹ́ ṣì lè yọwọ́. Abẹ́rẹ́ fún ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ní ìwé ìrìnnà rẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n ní kó kọjá.

Ó ń gbọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn tó ń bi ìyá wọn pé kí ló fa irú ẹkún yìí, ṣebí ọdún mẹ́ta péré ni. Ìyá ò dá a lóhùn.